Òórùn Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Songon àti gbogbo ìwọ̀ oòrùn Àbíjàn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Songon-Agban, ẹ̀yin ará Songon-Kassemblé, ẹ̀yin ará Bimbresso, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Adjamé dé, tí ẹ ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ báyìí, ẹ nu orí yín gbẹ, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá.

Àpò èlùbọ́ kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò ìyá mi ló fi rán sí wa láti Èjìgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Èlùbọ́ gidi ni, ó gbẹ, ó sì kúnná. A gbé e sí igun yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó mi ní kí òun bu díẹ̀ ro àmàlà. Ó fa àpò náà jáde, ìdí rẹ̀ ti rin. Èlùbọ́ ti dì bí òkúta, ó ti bu, nǹkan funfun kan sì ti hù lára rẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun. A wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ohun tí a kò ṣe rí láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ilé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi, tó-tò-tó, àfi bí ẹni lọ ata dúdú tó sì wọ́n ọn sí i. Mo fi ìka tẹ pákó rẹ̀, ìka mi wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ búrẹ́dì. Aṣọ òkè tí mo fi gbéyàwó wà nínú àpótí ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. N kò ní sọ bó ṣe rí.

Kí a tó rí i, oṣù méjì gbáko la ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. A sun tùràrí. A fi kàfúrà sáàárín aṣọ. Ìyàwó mi ra lọ́fíńdà ilé kan, ó ń fọ́n ọn láàárọ̀, ó ń fọ́n ọn lálẹ́. Òórùn yẹn ń ké pè wá, àwa ń fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bẹ̀ yín lálẹ́ òní: ẹ má bá òórùn jà. Ẹ wá omi tó bí i lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí a tẹ̀dó sí. Téèyàn bá ti kọjá Yopougon, tó dojú kọ ọ̀nà Dabou, ọ̀sà Ébrié ló wà lápá òsì rẹ̀, oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ sì wà káàkiri. Abúlé àwọn Ébrié ni Songon látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá District d'Abidjan sílẹ̀ ní ọdún 2001, wọ́n kó Songon mọ́ ọn, òun pẹ̀lú Anyama àti Bingerville. Ìlú wá ń tọ̀ wá bọ̀. Àwọn èèyàn wa tí bàbá wọn ti ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé láti ìgbà tí a kò tíì bí wọn, ibí ni wọ́n ti ń wá ilẹ̀ tí agbára wọn ká. Ilé ń hù ní Songon bí olú. Ìkánjú sì ti wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn: ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ògiri tán ni wọ́n ń wá akùnlé, omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì kò tíì jáde tí ọ̀dà ti dí i mọ́nú.

Omi kò wọ́n wa níbí. Òjò tó ń rọ̀ ní Àbíjàn lọ́dún máa ń tó mílímítà 1,500 sí 2,000, oṣù kẹfà ló sì pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wa kò lè gbàgbé òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2018, tí àgbàrá gbé ọkọ̀, tó wọlé bá àwọn èèyàn lórí ibùsùn, tí ó kéré tán ẹ̀mí 18 bá a lọ. Omi tó ń pariwo nìyẹn. Àwọn àgbà wa ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Omi tí mo ń sọ lálẹ́ yìí kì í pariwo ní tiẹ̀, onílé kì í sì í mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ̀ fún un.

Ohun kan tún wà tí àwa tí a ti Ọ̀ṣun wá máa ń gbàgbé. Ní Èjìgbò, ọyẹ́ máa ń fẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ rántí bí ètè ṣe ń là, bí ilẹ̀kùn ṣe ń súnkì. Ọyẹ́ yẹn máa ń fa omi kúrò lára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ohun yòówù tí òjò bá fi pamọ́ síbẹ̀, ọyẹ́ á gbà á padà. Níbí, létí òkun àti ọ̀sà, ọyẹ́ kàn ń yọjú ni, kì í jókòó. Ilé tó bá mu omi ní Songon kò ní ẹni tí yóò bá a sá a gbẹ, àfi onílé fúnra rẹ̀.

Kí gan-an ló ń rùn? Omi kì í rùn, sìmẹ́ńtì náà kì í rùn. Ẹ̀dá kéékèèké kan tí a ń pè ní bíbu ló ń rùn, ìdílé kan náà ni òun àti olú tí a ń ká nínú oko, àmọ́ ó kéré débi pé kóró rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́ bí eruku. Kò sí ilé tí kóró yẹn kò sí, ì báà jẹ́ ilé olówó tàbí ilé tálákà. Oúnjẹ rẹ̀ wà níbi gbogbo: pákó, bébà, àtè, awọ bàtà, eruku, kódà ọ̀dà ara ògiri. Ohun kan ṣoṣo tó ń dúró dè ni omi. Bí ó bá rí ohun tó rin, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú: kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì tàbí aṣọ tí òjò bá pa, tí kò bá gbẹ kí ọjọ́ kejì tó pé, bíbu ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí imú ṣiṣẹ́ kí ẹ tó náwó. Òórùn tó jọ ti aṣọ tí a ká kó tó gbẹ, tàbí ti ilẹ̀ abẹ́ ewé jíjẹrà nínú igbó, bíbu ni. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, tó ń jáde ní ilé ìwẹ̀, kì í ṣe bíbu rárá. Afẹ́fẹ́ ṣálángá ni. Ọrùn páìpù tó wà lábẹ́ ihò omi ilé ìwẹ̀ máa ń ní omi díẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, omi yẹn ni ilẹ̀kùn tó ń dí ṣálángá mọ́ ọ̀hún. Bí ẹ bá lọ sí Nàìjíríà fún oṣù kan, omi náà á gbẹ, ilẹ̀kùn á ṣí. Ìṣà omi kan péré ló máa tì í. Òórùn ẹja níbi tí kò sí ẹja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń ki wáyà bọ iná, ẹ sáré pa iná lápapọ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ike wáyà ló ń jóná lábẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í dúró dọ̀la.

Ó wá ku bíbu. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ògiri tó ń rùn ti lanu síbì kan, ó lè la á sókè, ó lè la á sísàlẹ̀, ó lè jẹ́ inú ikùn rẹ̀ níbi tí páìpù gbà. Ó sì tún lè jẹ́ pé ògiri kò lanu rárá, pé inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá bà lé e. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá kùn ún lọ́dà láìmọ èyí tó jẹ́, ó ti kó owó rẹ̀ fún omi mu.

Ti òkè rọrùn láti mọ̀. Àpá rẹ̀ máa ń dà bí omi tíì tó dà sórí aṣọ funfun, ó ní etí, ó máa ń gbòòrò lẹ́yìn òjò, ó sì máa ń dúró sójú kan tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ohun tó sábà ń fà á ni ìṣó páànù tó ti dípẹtà, tàbí gọ́tà tí ewé dí. Ẹ má wá ihò náà lókè àpá gan-an o. Omi máa ń rìn lórí igi àjà kó tó kán, ibi tó ti wọlé lè jìnnà sí ibi tó ti yọ ní mítà méjì tàbí mẹ́ta.

Ti páìpù, mítà omi SODECI tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ni ẹlẹ́rìí. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti wẹ̀, tí wọ́n ti fọ abọ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sídìí mítà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tó pupa lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má fa omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí nọ́ńbà bá ti yí láàárọ̀, omi ń jáde síbì kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ògiri. Ẹ má fojú kéré ẹ̀kán. Páìpù tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, omi tó ń dà lójúmọ́ lé ní lítà 4, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọnú búlọ́ọ̀kù tí ẹ ń sùn tì.

Àmọ́ ti afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa, torí òun la kì í gbà gbọ́. Ẹ wo yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 3. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ó ní ó ṣófo. Ní ìgbà òjò ní Songon, nígbà tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 27, afẹ́fẹ́ inú yàrá tó ṣófo yẹn ń gbé omi tó lé ní lítà 1. Omi ìgò ńlá kan odindi, ó so rọ̀ lójú òfurufú, ojú kò rí i. Afẹ́fẹ́ tó móoru ń gbé e bí alábàárù ṣe ń gbé ẹrù. Bí ó bá dé ibi tó tutù, agbára á dín, á sì sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù náà. Ẹ ti rí i lójú ara yín. Ẹ yọ ìgò bissap nínú fìríìjì, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé ó ti ń làágùn. Ìgò kò jò. Afẹ́fẹ́ ló sọ omi kalẹ̀ sí i lára.

Ògiri náà ń làágùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí a ń pè ní clim níbí, bí ẹ bá yí i sí 18 mọ́jú, ògiri yàrá yẹn á tutù látinú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ògiri yẹn lè jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lè jẹ́ yàrá ọmọ tí kò ní clim, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń wọlé lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni omi máa bà lé. Mo ti wọ ilé kan tí wọ́n ti tú òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí dúdú tó wà ní yàrá ọmọ, tó jẹ́ pé òrùlé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Yàrá bàbá ọmọ ló tutù jù. Wọ́n gbé clim sí 25, wọ́n fọ ẹnu rẹ̀ tó ti dí fún eruku, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò lára ògiri, dúdú yẹn kò sì padà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n nù ún.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwa fúnra wa ń rọ òjò sínú ilé. Ẹnì kan tó sùn mọ́jú ń mí omi tó tó ife kan sínú yàrá. Aṣọ ọmọ mẹ́ta tí a sá sórí okùn ní pálọ̀ nítorí pé òjò ń rọ̀ níta, gbogbo omi inú rẹ̀ ògiri àti tìmùtìmù ló máa mu ún. Ìkòkò tó ń hó láìní ọmọrí nílé ìdáná tí kò ní fèrèsé, bákan náà. Àwọn ìyá Ébrié tó ń se àtíẹ́kẹ́ lágbègbè wa yìí, iṣẹ́ ọwọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, abẹ́ àtíbàbà níta ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ìkòkò ká. Ẹni tó bá ti rí bí oruku ṣe ń jáde lójú apẹ̀rẹ̀ àtíẹ́kẹ́ á mọ̀ pé ọgbọ́n ni.

Wọ́n máa ń ní kí a ṣí fèrèsé. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní wákàtí tirẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí kùrukùru bo ilẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ìta ti rin ju tinú ilé lọ, ṣíṣí fèrèsé nígbà náà kò lè gbẹ ohunkóhun. Ẹ dúró kí oòrùn mú, láti nǹkan bí aago mọ́kànlá sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn kí atẹ́gùn gba àárín kọjá. Tí kò bá sí oòrùn, ẹ gbé fáànù kọjú sí ògiri. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìka mẹ́rin ó kéré tán wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri, kí ẹ fi igi gbé ìdí rẹ̀ sókè. Kọ́bọ́ọ̀dù tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń ṣe ilé fún bíbu.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ omi tó wá látinú ògiri yàtọ̀ sí èyí tó wá látinú afẹ́fẹ́? Fọ́ìlì ni, ìwé fàdákà tí a fi ń wé ẹja sísun. Bí ẹ kò bá rí i, ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ẹ gé e bí ìwọ̀n ìwé ìròyìn tí a ṣẹ́ po. Ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ fi téèpù dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lójú rẹ̀ tó kọjú sí yín, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ojú yẹn bá gbẹ, tí ẹ ṣí i tí ẹ rí omi lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó fara kan ògiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀.

Ní ilé tèmi, ẹ̀yìn fọ́ìlì ló rin. N kò tíì ní ọgbọ́n fọ́ìlì nígbà tí mo kọ́kọ́ pe onílé. Onílé wá, ó wò ó, ó ní ọ̀dà ni. Ó rán akùnlé wá ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fi ọ̀dà olóróró kùn ún, ó ń dán gbinrin, inú wa dùn. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ni. Mo jí láàárọ̀ mo rí i tí ọ̀dà náà wú bí ojú ibi tí omi gbígbóná ta sí lára èèyàn, ó tó ẹyin adìyẹ. Mo fi èékánná kàn án, ó bẹ́, omi sì ṣàn sílẹ̀ lára ògiri. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Iyọ̀ yẹn ló tú àṣírí. Omi ilẹ̀ máa ń gun búlọ́ọ̀kù bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, ó sì lè gùn ún tó mítà kan. Nínú ìrìn rẹ̀, ó ń kó iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú iyanrìn dání, pàápàá bó bá jẹ́ iyanrìn ọ̀sà tí wọn kò fi omi òjò fọ̀ ni wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù. Bí omi bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á kù, á funfun bí ìyẹ̀fun, á sì máa ta ìrẹ́ ògiri dànù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti rí i: èérún sìmẹ́ńtì tó máa ń wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, tí ẹ gbá lánàá tó tún wà níbẹ̀ lónìí. Ọ̀dà olóróró kò lè dá omi yẹn dúró. Ńṣe ló ń dí ihò tí ì bá fi jáde, omi á sì gun òkè sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń lẹ kárò mọ́ ògiri tó rin. Kárò á gbọ̀n sílẹ̀, àfi kí ó pẹ́.

Èyí máa ń rán mi létí ilé bàbá bàbá mi ní Èjìgbò. Ilé alámọ̀ ni. Ògiri amọ̀ máa ń mu omi nígbà òjò, ó sì ń mí i jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé rẹ̀ yọ jáde gan-an kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà ta sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ tó wà ní Àbíjàn rówó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta kó lè dà bí ilé tuntun, wọ́n sì gé òrùlé kúrú. Omi wọ àárín amọ̀ àti sìmẹ́ńtì, kò rọ́nà jáde. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ìrẹ́ náà fi ya lulẹ̀ ní ègé ńláńlá, ó sì ya amọ̀ tẹ̀lé e. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mo mọ̀. Ó dùn mí síbẹ̀.

Kí n tó sọ bí tèmi ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera, torí àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ilé lásán ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti bíbu inú ilé: àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ikọ́, èémí tó ń hán àti ikọ́ fée ń bá jà jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní ìlú Rochdale ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ bíbu ilé wọn sùn láti 2017. Ọ̀dà ni àwọn tó ni ilé náà ní kó fi kùn ún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, aṣèwádìí ikú kéde pé bíbu ilé náà ló fa àìsàn èémí tó pa ọmọ yẹn. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òfin kan. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn àjọ tó ń fi ilé olówó pọ́ọ́kú háyà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá yẹ ilé tó ní ọ̀rinrin tó lágbára wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, èyí tó bá jẹ́ ewu kánkán, láàárín wákàtí 24. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wúkọ́ lóru ṣáá, tí ikọ́ náà ń lọ tó bá lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, tó ń padà tó bá padà sílé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù yín kúrò lára ògiri lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá rí i, bí a ṣe ń nù ún rèé. Ẹ dí imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kó ọmọdé jáde. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, kóró rẹ̀ á fò gba gbogbo ilé. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nù ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi Javel, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, tí ẹ ti là lómi pa á lójú kárò àti sìmẹ́ńtì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má po Javel pọ̀ mọ́ ọtí kíkan, tàbí mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí mọ́ ọṣẹ olómi mìíràn tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn mọ́ ilé ìwẹ̀. Aṣọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn gangan. Pákó tó ti rọ̀, ẹ dà á nù.

Èlùbọ́ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro. Èèyàn á wo ọ̀nà tó gbà wá, á wo ẹni tó fi rán an, á ní kí òun sẹ́ ẹ, kí òun sá a padà. Ẹ dà á nù. Bíbu inú ọkà àti èlùbọ́ lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísá kì í mú un kúrò, omi gbígbóná tí a fi ń ro àmàlà kì í pa á. Ìyàwó mi sunkún kó tó dà á sílẹ̀, n kò sì bá a wí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ háyà ilé, ẹ má lọ wò ó lọ́jọ́ tí oòrùn mú. Ẹ lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ki orí bọ̀ ọ́, ẹ fà á símú. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá ọ̀dà rẹ̀ tuntun ju tòkè lọ. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú état des lieux, ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe rí, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ní tèmi, mítà kò yí lóru, nítorí náà kì í ṣe páìpù. Mo bọ́ síta lọ sẹ́yìn ògiri náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àgbàlá ṣe, wọ́n ti rọ́ yẹ̀pẹ̀ jọ, wọ́n sì da kọnkéré lé e tó fi ga ju ilẹ̀ inú yàrá wa lọ. Páìpù kékeré tí clim fi ń kán omi jáde wà lókè ibẹ̀ gẹ́lẹ́, tọ̀sántòru ló ń kán sí ìdí ògiri. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ rẹ̀ mọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Mo mú onílé wá, mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì hàn án, mo fi ẹ̀yìn fọ́ìlì hàn án. Kò bá mi jiyàn. Ní oṣù kẹjọ tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, bíríkìlà méjì fọ́ kọnkéré náà, wọ́n wa yẹ̀pẹ̀ kúrò títí ìpìlẹ̀ fi hàn, wọ́n la ojú àgbàrá tó dà sí gọ́tà, wọ́n sì fa páìpù clim gùn débẹ̀. Nínú yàrá, a ha ọ̀dà olóróró kúrò kí ògiri lè mí.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbi tí omi gùn dé, mo kọ ọjọ́ sí i. Ìbàdí ni nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni mo ń fa òmíràn. Ìparí oṣù kẹsàn-án, ó ti sọ̀ sí itan. Láàárọ̀ òní, pẹ̀lú gbogbo òjò oṣù kẹwàá tó tún ń rọ̀ yìí, orúnkún ló wà. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ṣì wà láàárín pálọ̀, a ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. N kò tíì ní gbé e wọlé.